Onígun Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ èdè, ìtàn, eré orí ìtàgé àti irú wọn ní yunifásítì kò nílò kírẹ́díìtì nínú ìṣirò mọ́ kó tó wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ni yóò ṣì máa forúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá; àìyege níbẹ̀ ni kò ní í sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì, tó wà ní SS2, tó sì fẹ́ràn lítíréṣọ̀, ka ìròyìn náà sí mi létí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti tú wa sílẹ̀."

Mo bá a yọ̀. Yorùbá lèmi náà kà ní yunifásítì, òun ni mo sì fi ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti rí ọmọ tó lè kọ ewì tí omi á bọ́ lójú àgbàlagbà, tí wọ́n dá padà nítorí máàkì ìṣirò. Ṣùgbọ́n bó ti ń kà á lọ ni ọkàn mi ti dé kíláàsì kan, ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1978, tí olùkọ́ kan fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì fi ohun kan hàn wá tí mo gbé dé ọjọ́ ogbó. Ká ní ìṣirò kì í ṣe ọ̀ranyàn nígbà náà ni, n kì bá tí sí níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà nígbà náà. Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Àkúrẹ́ ni olú ìlú rẹ̀, ó sì ku ọdún méjìdínlógún kí Èkìtì tó dá dúró lọ́dún 1996. Adó kò tíì gùn dé ibi tó dé lónìí. Kò tíì sí yunifásítì níbẹ̀, kò sí póli. Ohun tí ìlú fi ń yangàn ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, Christ's School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1933, tó wà lórí òkè Agídímọ̀, sì ni àgbà wọn. Tiwa kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Òrùlé páànù ni, fèrèsé onígi, bí oòrùn bá sì ti kan àtàrí, páànù náà á máa dún pá, pá, pá lórí wa títí ilé-ẹ̀kọ́ á fi parí.

Ọdún tó ṣáájú, ìyẹn 1977, ni ìjọba fagi lé Modern Mathematics. Àwa tí a ti fi set àti àwọn òbìrìkìtì tó ń gun ara wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ká padà sí ìṣirò tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣe. Ìwé tí òbí wa fi owó kòkó rà di èyí tí kò wúlò mọ́. Four-figure table nìkan ni kò yí padà. Ìwé pẹlẹbẹ ni. A máa ń fi ewé kàlẹ́ńdà bò ó, a ó kọ orúkọ wa sí i níwájú àti lẹ́yìn, nítorí òun ni ìwé tó máa ń tètè sọnù jù nínú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lo tèmi ṣáájú mi, ó sì ti fi bírò pupa sàmì sí àwọn ojú ewé tó ń ṣí jù. Log, antilog, sáìn, kọ́sáìn: nọ́ńbà wínníwínní tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí òórùn kẹrosíìnì ti wọ̀ lára nítorí ìdí àtùpà la ti ń kà wọ́n.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ìsọ̀ Bàbá Káfíńtà ní Òkèṣà, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí nǹkan náà, nígbà tí n kò tíì mọ̀ pé ìṣirò ni. Ojú ọ̀nà ilé wa ló wà. Tábìlì róbótó ni ẹni tó bá rí jájẹ máa ń gbé sí pálọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gé pákó róbótó ní ìsọ̀ náà. Pákó ọ̀gànwó tí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba ni Bàbá yóò tẹ́ sílẹ̀. Yóò kan ìṣó sí àárín gbùngbùn, yóò so okùn mọ́ ọn, yóò so pẹ́ńsù mọ́ orí okùn kejì, yóò sì fà á yípo. Lẹ́yìn náà ni ayùn bẹ̀rẹ̀. Ó gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pákó di onígun mẹ́jọ. Ó gé igun mẹ́jọ náà, ó di mẹ́rìndínlógún. Ó tún gé wọn. Ohun tó ń já bọ́ ń kéré sí i: ti àkọ́kọ́ tó igi ìdáná, èyí tó tẹ̀ lé e kò ju ìka ọwọ́ lọ, nígbà tó yá ó di ìyẹ̀fun lásán. Ó wá gbé ìfági, ó gbé sáńpépà. Bó ti wù kó gé e tó, ayùn rẹ̀ kì í wọ inú ìlà pẹ́ńsù. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni igun yóò tán. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, igun kì í tán. Ọwọ́ ló máa ń sọ pé kò sí mọ́."

Olùkọ́ wa kì í rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wa, torí ẹni tó bá sọ èdè abínibí nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, òun fúnra rẹ̀ á bọ́ sínú èdè Èkìtì, gbogbo wa á sì nà ró lórí bẹ́ńṣì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó so okùn mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ orí okùn kejì mọ́ àárín pátákó, ó sì fa òbìrìkìtì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Ó bi wá pé kí ni páì. Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: 22/7. Ó ní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kẹ́kẹ́ pa. Láti pírámárì la ti ń pe 22/7 lápèsórin, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tó ti wá fún wa rí.

Ó ya onígun mẹ́fà sínú òbìrìkìtì náà, igun kọ̀ọ̀kan fara kan etí rẹ̀. Ó fi okùn àkọ́kọ́ wọn ìhà kọ̀ọ̀kan: ó ṣe déédéé ìdajì ìbú òbìrìkìtì. Ìdajì lọ́nà mẹ́fà, ìbú mẹ́ta nìyẹn. Òbìrìkìtì fúnra rẹ̀ sì yọ síta kọjá àwọn ìhà náà, nítorí náà páì ju 3 lọ. Èyí kò nílò ìwé kankan. Ó wá sọ mẹ́fà di méjìlá, ó ní ká ṣí four-figure table. Ìlànà rẹ̀ kò le: bí ìbú bá jẹ́ 1, àyíká onígun méjìlá jẹ́ 12 lọ́nà sáìn 15°. A rí 0.2588, ó di 3.1056. Onígun 24, sáìn 7°30′, 0.1305, ó di 3.1320. Onígun 48, sáìn 3°45′, 0.0654, ó di 3.1392. Ó ń kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, nọ́ńbà lábẹ́ nọ́ńbà, a sì ń rí i pé wọ́n ń gòkè, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ wọn ń kúrú sí i.

Ó ní ká ṣe ti onígun 96. Ibẹ̀ ni kíláàsì ti pín sí méjì. Igun tó yẹ ká wò jẹ́ 1°52½′, four-figure table kò sì ní ìdajì ìṣẹ́jú nínú. Àwa tí a wà ní apá ọ̀tún wo 52′, a rí 0.0326, a ní 3.1296. Àwọn ará apá òsì gbé e sí 53′, wọ́n rí 0.0329, wọ́n ní 3.1584. Ariwo sọ. Kálukú ń na ìwé tirẹ̀ sókè pé ẹ wá wò ó.

Olùkọ́ jẹ́ ká pariwo tó. Ó wá tọ́ka sí 3.1392 tó wà lórí pátákó, ó bi àwa apá ọ̀tún pé: bí ẹnìkan bá ń lọ tààrà láti igun kan sí èkejì, tí a wá ní kó kọ́kọ́ yà síbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó débẹ̀, ṣé ìrìn rẹ̀ yóò kúrú sí i? Kò lè kúrú. Onígun 96 kò lè kéré ju onígun 48 lọ, nítorí náà 3.1296 kì í ṣe òtítọ́. Ó yíjú sí apá òsì: 3.1584 kọjá 22/7, Archimedes, ará Syracuse, sì ti fi ẹ̀rí hàn ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn pé páì kò tó 22/7. Tiyín náà, kì í ṣe òtítọ́. "Ìwé yín ló ti rẹ̀," ló fi Èkìtì wí, "òbìrìkìtì kò tíì rẹ̀."

Mi ò gbàgbé bí ó ṣe rí lára mi pé èèyàn lè mọ̀ dájú pé ìdáhùn kan kò tọ̀nà láì tíì mọ èyí tó tọ̀nà. Archimedes kò ní four-figure table. Ó fi ọwọ́ wá square root, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, nígbàkígbà tó bá sì ní láti gé nọ́ńbà kúrú, ẹ̀gbẹ́ tí kò ní í ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ ló ń gé e sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi onígun 96 dé 3 10/71 nísàlẹ̀ àti 3 1/7 lókè, tó sì ní páì wà láàárín.

Mo nawọ́. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ló ṣe mọ ti òkè, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo onígun tí a yà ló wà nínú? Kó tó dáhùn, mo ti ń rò fún un nípa Bàbá Káfíńtà tó máa ń ti ìta wá, tí ayùn rẹ̀ kì í kọjá ìlà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, pé ìdajì iṣẹ́ Archimedes gan-an nìyẹn. Ó ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: pákó onígun mẹ́rin, 4; onígun mẹ́jọ, ó lé díẹ̀ ní 3.31; mẹ́rìndínlógún, ó lé díẹ̀ ní 3.18. Ti inú ń gòkè, ti ìta ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó, ó sì pe ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi wá síbi pátákó láti wá ya ohun tí mo sọ. N kò rò pé ó fi ṣe mí níbi. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn: wọn kì í pe obìnrin síbi pátákó. Mo jókòó, mo ń wò ó bó ti ń yà á, ó sì dùn mí púpọ̀.

Ẹnìkan béèrè pé bó bá dé infinity ńkọ́, ṣé kò ní í di òbìrìkìtì níbẹ̀? Ó ní kò sí mọ́tò tó ń já èrò síbùdókọ̀ yẹn. Ó ní ká sọ fún òun bí a ṣe fẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ti inú àti ti ìta kéré tó, òun á sì sọ iye igun tí yóò mú un wá sábẹ́ rẹ̀. A ní ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ó ṣírò, ó ní bí a bá ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láti mẹ́fà, onígun 192 ti tó. A ní ọ̀kan nínú mílíọ̀nù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò fún ìgbà díẹ̀, ó ní onígun 6,144. Ọmọ kan tún dárúkọ èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún fún un ní iye. Nígbà tó yá a kò dárúkọ mọ́, nítorí ó ti yé wa pé kò sí èyí tí a lè dárúkọ tí kò ní í rí ìdáhùn fún. Limit ni wọ́n ń pe ohun tó ń kọ́ wa, ó sì pẹ́ kí n tó gbọ́ orúkọ náà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àìlópin láti ìgbà náà, nínú ìwé ẹ̀sìn àti nínú ewì. Kò sí èyí tó là mí lójú tó ọ̀sán yẹn: pé a kò ní láti dé ibì kan kí a tó lè fi ìdánilójú sọ ibi tó wà.

Kó tó nu pátákó, ó sọ fún wa pé ọmọ Èkìtì kan wà ní Ìbàdàn tó ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ṣe, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Olubummo. Orin-Èkìtì ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1923. Ó gba St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ kọjá, ó gba Fourah Bay ní Freetown, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Durham lọ́dún 1955, lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò. Chike Obi ti gba tirẹ̀ lọ́dún 1950. Analysis ni ẹ̀ka ìṣirò ti Olubummo, níbi tí a kò ti lè gbé ẹsẹ̀ kan láìsí limit. Ọdún 1992 ló kú. Ohun tí olùkọ́ wa kò lè mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ Olubummo obìnrin, Yewande, yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yale, yóò sì di olùkọ́ ní Spelman College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Atlanta.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọ̀sán ló rí báyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹgba ló ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan náà tó ní ká má gba 22/7 gbọ́ láìsí ẹ̀rí, bí ọmọ bá béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ó lè nà án. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní apá òsì kíláàsì náà, tí Yorùbá àti ìtàn rẹ̀ dára ju tèmi lọ fíìfíì. Ó ṣe ìdánwò ìṣirò, kò yege; ó tún un ṣe, kò yege. Mo wọ yunifásítì, òun lọ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Grade Two, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì títí ó fi di ẹdimásítà. Ó ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ìwé tó lè kọ, tí kò kọ.

Nígbà tí ayọ̀ ìròyìn náà rọlẹ̀, mo ní kí ọmọ ọmọ mi wá ya òbìrìkìtì kan fún mi. Fóònù ló fà yọ. GeoGebra ni wọ́n ń pe ohun tó ṣí. Ó fi onígun mẹ́fà sínú òbìrìkìtì, ó fi ìka ti nǹkan kan síwájú, igun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: 12, 24, 96, 500. Ojú mi kò rí ìyàtọ̀ mọ́. "Ó ti di òbìrìkìtì, Màmá." Mo fẹ́ sọ pé kò tíì dì í, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, igun kan sì yọ níbi tí ó ti dán gbinrin. Ó fi kún iye igun, igun náà parẹ́. Ó tún fẹ̀ ẹ́, ó tún yọ. Inú mi dùn gan-an. Kò sí olùkọ́ tó lè ṣe èyí lórí pátákó: láti onígun 48, ìlà ṣọ́ọ̀kì ti nípọn ju àlàfo tí à ń wá lọ.

A wá yíjú sí nọ́ńbà. Mo ní kó má lo sáìn, kó ṣe é bíi ti Archimedes, kó máa fi square root ti ìhà kan bọ́ sí èkejì. Ó kọ ọ́ sínú spreadsheet lórí kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀, ó sì fà á wálẹ̀. 3.1058, 3.1326, 3.1394, 3.1410. Onígun 96 tó dá ìjà sílẹ̀ nínú kíláàsì wa rèé, ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà 3.14159 dúró, ó dúró pẹ́. Ọmọ náà ń fà á lọ sísàlẹ̀. Àfi bí àwọn nọ́ńbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: wọ́n lọ sókè, wọ́n wá sílẹ̀, nígbà tó sì yá gbogbo rẹ̀ di òdo. Onígun tí igun rẹ̀ ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù, ẹ̀rọ ní kò ní àyíká kankan mọ́. Kọ̀ǹpútà náà kì í tọ́jú ju nǹkan bíi nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún lọ fún iye kọ̀ọ̀kan. Bí ìhà bá ti kéré jù, bó bá yọ square rẹ̀ kúrò lára 4 bí ìlànà náà ṣe ní kó ṣe, 4 náà ló ṣì máa rí. Mo fi Èkìtì sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti rẹ̀.

Ó ní, "Bí ìwé á bá rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà náà á rẹ̀, ta ló wá mọ̀ pé nọ́ńbà kankan wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè rẹ̀ lọ́dún 1978. Mo sọ èyí tí mo mọ̀ fún un. Ti inú ń gòkè láìdáwọ́dúró, kò sì lè kọjá ti ìta. Ti ìta ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì lè kọjá ti inú. Àlàfo àárín wọn ń wọ abẹ́ iyekíye tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ. Bí nọ́ńbà méjì bá wà níbẹ̀, àlàfo yóò wà láàárín àwọn méjèèjì, àlàfo náà kò sì lè kéré ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀kan péré ni àyè rẹ̀ wà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ṣé wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ nínú WAEC? Mo ní rárá.

Wọn kò béèrè rẹ̀ nígbà tiwa náà. Ìbéèrè kàn máa ń sọ pé ká mú páì ní 22/7 ni, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá àwọn tó ń ké pé ìjọba ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ lọ, tí n kò sì lè bá àwọn tó ń jó lọ pátápátá. Ọ̀ranyàn ló mú mi jókòó sí kíláàsì yẹn, ọ̀ranyàn náà ló sì já ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀. Ní báyìí tí ẹ̀rù ti kúrò lára àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ èdè àti ìtàn, ó yẹ kí ẹnìkan ronú ìṣirò tí a lè kọ́ wọn nítorí ẹwà rẹ̀ àti nítorí bó ṣe ń kọ́ni láti béèrè ẹ̀rí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá rẹ̀, ó sì ń ká mi lára.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ kejì. Ìyìn-Èkìtì ló ń gbé báyìí.

"Ẹdimásítà, ẹ ti gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá Ìbejì. Ó pẹ́ díẹ̀ fún èmi, ṣùgbọ́n ó dára fún àwọn ọmọ."

A sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bi í bóyá ó rántí ọjọ́ tí a ṣe onígun 96.

"Èyí tí a ti ní 3.1584 yẹn?"

Kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́, ẹni tí ìdánwò sọ lẹ́ẹ̀mejì pé kò mọ ìṣirò. Ó ní òun ṣì gbà pé tiwọn ló súnmọ́ òtítọ́ ju tiwa lọ, torí tiwọn kò padà sẹ́yìn. Mo ní rárá o: tiwa fi nǹkan bíi 0.0120 dín, tiwọn fi 0.0168 lé. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, kí n dúró kí òun mú bírò.